Láti Ìbàdàn dé Ìgbòho lórí máṣíìnì, láì gba títì márosẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọTíṣà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo fẹ́ gun máṣíìnì mi dé Ìgbòho, inú Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn ni mo sì fẹ́ gbà, kì í ṣe títì márosẹ̀ tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń lé èèyàn wọgbó.

Bàbá mi ṣe tíṣà ní Ìgbòho kí wọ́n tó bí mi. Honda ni wọ́n ń gùn nígbà náà, owó tí wọ́n yá wọn níbi iṣẹ́ ni wọ́n fi rà á. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn ọ̀nà yẹn lẹ́nu wọn: àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, ẹtù tó fò gba iwájú táyà kọjá, àwọn ará abúlé tó ń ju ọwọ́ sí wọn. Wọ́n ti ṣaláìsí báyìí. Àwòrán kan ló kù lọ́wọ́ mi, àwọn àti máṣíìnì náà lábẹ́ igi kan níwájú ilé-ẹ̀kọ́.

Bajaj Boxer 150 ni mò ń gùn. Ọjọ́ méjì ni mo ní, nínú oṣù kẹjọ. Ètò mi nìyí: Ìbàdàn, Ìdó, Èrúwà, Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìgbòho, kí n sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Kíṣí, Ìgbẹ́tì, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, ilé. Ẹ bá mi wò ó.

Bàbá Ìdó

Ọmọ mi, o kú ìrántí bàbá rẹ. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì yẹn kò tó rárá. Nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, kò sí èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ti Ọ̀yọ́. Tí o bá ní kí o yí i po ní ọjọ́ méjì, ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ nìkan ni wàá rí, ẹ̀yìn á máa ro ọ́, alẹ́ á sì ká ọ mọ́ ibi tí kò yẹ kó ti ká ọ mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló kéré jù. Bí o bá rí márùn-ún gbà níbi iṣẹ́, gbà á.

Oṣù kẹjọ náà kọ́. Lóòótọ́ òjò máa ń sinmi díẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ omi ò tíì gbẹ kúrò nínú ilẹ̀ pupa, òjò oṣù kẹsàn-án sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Dúró di ìparí oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá. Òjò àrọ̀kúrò ti ń dáwọ́ dúró, ewéko ṣì tutù yọ̀yọ̀, ọ̀nà ti le, ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Ohun kan wà tí n óò tẹnu mọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni bá bá ọ sọ láti Ìbàdàn, títí kan èyí tí mò ń kọ yìí, má fọkàn tán an pátápátá. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí o bá dé, lọ sí gáréèjì, kí o béèrè lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó ti ibi tí ò ń lọ bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó gbabẹ̀ lóṣù tó kọjá, kò mọ nǹkan kan. Èmi alára, mo dúró ra epo ní Lánlátẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ tó ń ta epo sọ fún mi pé ọ̀nà Máyà dára, kò síṣòro. Bí mo ṣe ń san owó lọ́wọ́ ni mọ́tò kan wọlé láti ibẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ti bò ó dé ibi tí wọ́n ń dì mú ṣílẹ̀kùn. N kò tún bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mìíràn. Mo wá ibi tí mo sùn sí.

Onísípánà

Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti máṣíìnì kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó gùn. Boxer dára fún ibi tí ẹ̀ ń lọ. Òun ló kún gbogbo Òkè-Ògùn, nítorí náà ibi yòówù tó bá ti dá ẹ dúró, ẹ óò rí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, ẹ óò sì rí páàtì rẹ̀ rà. Ẹni tó bá gbé máṣíìnì ńlá olówó gọbọi lọ síbẹ̀ ni páàtì yóò wọ́n fún.

Ẹ mú túùbù méjì dání, ti iwájú kan, ti ẹ̀yìn kan, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ mú púlọ́ọ̀gì kan, ìdè ṣéènì kan, sípánà tó lè tú táyà ẹ̀yìn, àti fáńfù ọlọ́wọ́. Ẹ gbìyànjú láti tú táyà yẹn nílé lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó lọ. Fọ́kanáísà kì í sí láàrin abúlé sí abúlé.

Wáyà kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ bá fẹ́ mú dání, ẹ má gbé e sínú báàgì. Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lára máṣíìnì báyìí, ẹ fi téèpù dè wọ́n pọ̀ láti ìdí ọwọ́ dé ìdí ẹ́ńjìnnì. Tí ti àkọ́kọ́ bá já nínú igbó, orí méjèèjì nìkan lẹ máa tú, ẹ ó so ti kejì mọ́ ọn. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti rí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ti máṣíìnì fún wákàtí mẹ́ta nítorí wáyà tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ àárọ̀.

Ṣéènì: ẹ fi ìka tì í sókè láàrin. Kó gbéra tó ìbú ìka méjì. Tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kòtò á já a. Tó bá dẹ̀ jù, á fò kúrò lórí eyín rẹ̀. Alaalẹ́ ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí eruku máa ń jẹ ẹ́.

Epo ńkọ́? Ẹ kún táńkì ní Ìsẹ́yìn, ẹ tún kún un ní Ṣakí. Boxer kò mu epo, tí ẹ kò bá sáré, lítà kan lè gbé yín tó 40 kìlómítà. Tó bá di dandan kí ẹ ra epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ẹ dì í mú jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ óò rí ibi tí epo ti pín sí méjì bí ìgbà tí wọ́n fa ìlà. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, máṣíìnì ni mo fi ń gbé àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri àwọn abúlé wa. Ìbàràpá méje ni wọ́n ń pè wá: Ìgbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngàn, Èrúwà, Lánlátẹ̀. Tí ẹ bá gba Ológunẹrú àti Ìdó, Èrúwà lẹ máa kọ́kọ́ bá.

Ohun tó ń gbé ọlọ́kadà ṣubú lọ́dọ̀ wa kì í ṣe kòtò. Kòtò, ẹ óò rí i. Yanrìn ni. Ó máa ń kó jọ sí ẹsẹ̀ òkè àti sí ibi tí ìṣàn omi ti gba orí ọ̀nà kọjá, á funfun, á tẹ́jú, á dà bíi pé kò sí nǹkan. Tí táyà iwájú bá wọ inú rẹ̀, ọwọ́ á fẹ́ máa mì. Ẹ má dì í pinpin, ẹ má sì fọwọ́ kan bíréèkì iwájú rárá. Ẹ sún ìdí sẹ́yìn díẹ̀, ẹ fún un ní epo díẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹ̀ ń lọ, ẹ má wo táyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣubú, mo bíréèkì ni. Àpótí abẹ́rẹ́ fò lọ sínú oko ẹ̀gẹ́, èmi náà tẹ̀lé e.

Màlúù náà wà. Tí ẹ bá rí wọn lọ́nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fọn fèrè, ẹ má gba àárín wọn, kí ẹran má baà ta gìrì lu yín. Ẹ kí darandaran náà, òun fúnra rẹ̀ á darí wọn kọjá.

Bí ọjọ́ bá ti pọ̀ tó, ẹ yà sí Ìgbó-Ọrà láti Èrúwà, kò jìnnà. Ìlú wa ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Ẹ jẹ àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilasa, ewé ilá tí a fi ń sè é yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní ó ń fa ìbejì. Èmi bí méjì nígbà kan náà, mi ò sì lè sọ pé ilasa ni àbí ti ìran wa. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà dùn.

Àrẹ̀mú Olófì

Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ̀wé. Láti Lánlátẹ̀, ẹ gba Máyà, ẹ ó yọ sí Àdó-Àwáyé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba Àdó-Àwáyé kọjá bí ẹni tí nǹkan ń lé. Gbé máṣíìnì sí ìsàlẹ̀, sanwó fún ẹni tó máa mú yín gòkè, kí ẹ gun àtẹ̀gùn náà. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ìgbésẹ̀, orúnkún á sọ fún yín. Adágún Ìyákẹ́ wà lórí òkè níbẹ̀, omi tó jókòó sínú àpáta, ọ̀run ló yí i ká. Ẹ má fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀lé ohun tí ará ìlú bá ní kí ẹ ṣe. Àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ni kí ẹ gòkè, torí àpáta máa ń gbóná bí agbada lọ́sàn-án.

Ẹ sùn sí Ìsẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ rìn wọ àdúgbò tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè. Ẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i, igi òfì ń ró kọ́-kọ́-kọ́. Fọ́nrán òwú máa ń gùn lọ níwájú ahunṣọ, á na gbalaja lórí ilẹ̀, òkúta ni wọ́n sì máa ń gbé lé ìparí rẹ̀ kó lè fà le. Bó ṣe ń hun ún ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ bàbá mi àgbà ni mo ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a máa ń jẹ́ kó jókòó wò.

Gbọ́láhàn_Gíà4

Èmi ò gbà pé ìparí oṣù kẹwàá ló dára jù o. Oṣù kìíní ni mo máa ń lọ. Wọ́n ti jó igbó, gbogbo àpáta á hàn gbangba, àwọn tí koríko ti bò tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà á gbẹ táútáú.

Bàbá Ìdó

Gbọ́láhàn, òótọ́ ni pé àpáta máa ń hàn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ á ti bo ọ̀run, òkè tó wà níwájú rẹ gan-an lè má hàn títí di ọ̀sán. Èéfín igbó tí wọ́n ń jó náà sì ń gba orí ọ̀nà kọjá, mo ti wọ inú rẹ̀ rí, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ẹni tí kò gbabẹ̀ rí, kó má fi oṣù kìíní kọ́ ọ.

Ọmọ Asabari

Ẹ̀gbọ́n ỌmọTíṣà, ọmọ Ṣakí ni mí, mo sì ń ná ọjà Ìgbòho. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ gba Òkèhò àti Ìlerò. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gba ọ̀nà Tedé, Àgọ́-Àrẹ, Ọ̀tu. Òkèhò tí ẹ máa rí yẹn, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n tẹ̀dó sí tẹ́lẹ̀. Orí òkè ni wọ́n wà. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ Ìsẹ́yìn àti Òkèhò sí ìjọba òyìnbó ní 1916 ni wọ́n kó wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ lè tọ́ka òkè Ahoro fún yín.

Ní Ṣakí, ẹ óò rí Òkè Asabari láti òkèèrè. Ibẹ̀ lẹ ó sùn sí lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ kò jìnnà sí wa, nítorí náà Kọ́sítọ́ọ̀mù, ọlọ́pàá, ṣọ́jà, gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà. Máṣíìnì tí wọ́n kó wọlé láìsan owó ẹnubodè wà lára ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ mú ojúlówó ìwé máṣíìnì dání, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì. Tí ẹ bá ti rí wọn, ẹ rọra, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí àṣíborí kí wọ́n tó ní kí ẹ ṣí i, ẹ kí wọn. Ẹ má ya fọ́tò níbẹ̀ o.

Láti Ṣakí, Àgọ́-Àmọ̀dù, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho. Ẹ ti dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Kíṣí sí Ìgbẹ́tì sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ kọ sínú ètò yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ó rẹwà. Àpáta Ìgbẹ́tì, Ìyámọpó àti Agbélé, kò sí irú wọn. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé náà wà lápá ibẹ̀, nínú igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, Old Oyo National Park. Ṣùgbọ́n igbó yẹn tóbi, ó ju 2,500 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, àwọn ajínigbé sì ti fi ìyà jẹ àwọn èèyàn wa ní agbègbè rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni kan ṣoṣo lórí máṣíìnì kan ṣoṣo, kó má gba ibẹ̀.

Gbọ́láhàn_Gíà4

Mo gba Ìgbẹ́tì kọjá nínú oṣù kejìlá, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Asabari

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n àwa mọ Àmọ̀tẹ́kùn tí a lè pè, a mọ ọjọ́ ọjà tí ọkọ̀ ń pọ̀ lọ́nà, a sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí a jáde nílé. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Àbúrò ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ó padà wálé, a dúpẹ́, àmọ́ títí di òní kò fẹ́ gbọ́ ìró máṣíìnì lálẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ìbàràpá

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Mo fara mọ́ Ọmọ Asabari. Ní Ìbàràpá náà, aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni èmi ti máa ń wà nínú ìlú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbéra ní ìdájí kí ẹ sì máa gúnlẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn yín sórí bébà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ pátápátá láàrin abúlé. Ẹ gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Tí ẹ bá sì ti dé ìlú kan, ẹ pe ilé, ẹ sọ ìlú tó kàn àti aago tí ẹ máa dé ibẹ̀.

ỌmọTíṣà

Ẹ ṣeun púpọ̀ gbogbo yín, ẹ kú ìyà mi. Ọmọ Asabari, ẹ kú orí ire àbúrò ìyá yín. Mo ti yọ Ìgbẹ́tì kúrò. Mo ti gba ọjọ́ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìgbòho, n óò lo ọjọ́ kan gbáko níbẹ̀, kí n tó padà. Ìbéèrè méjì ló kù: láti Ìsẹ́yìn wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ ìkẹyìn, èwo ni kí n gbà? Kí ni mo sì lè rí ní Ìgbòho yàtọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ bàbá mi?

Àrẹ̀mú Olófì

Ẹ gba Ìjàyè yọ sí Mọ́níyà, 65 kìlómítà ni. Wọ́n ti tún un ṣe. Ọ̀nà tó dán máa ń dán ènìyàn wò lọ́jọ́ ìkẹyìn, ara ti rẹ̀, ilé sì ti ń pè, ẹ má jẹ́ kó mú yín sáré. Ìjàyè yẹn ni ìlú Kúrunmí tí Ìbàdàn fọ́ ní 1862. Ẹ dúró mu omi níbẹ̀.

Ará Ìgbòho

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ káàbọ̀ sílé. Ìgbòho ni àwọn Aláàfin sá wá nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé kò ṣeé gbé mọ́, ìlú wa ni olú ìlú Ọ̀yọ́ fún ọdún púpọ̀ kí Aláàfin Abípa tó kó wọn padà. Aláàfin mẹ́rin ló sùn sínú Igbó Ọba níbí, Ọ̀rọ́ńpọ̀tọ̀ wà nínú wọn. A kì í ṣàdédé wọ ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn láàfin, wọn á fún yín ní ẹni tó máa mú yín lọ.

Àwòrán bàbá yín tí ẹ sọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà, kó tóbi. Àwọn tí tíṣà yẹn kọ́ ti di bàbá àti ìyá àgbà báyìí, ojú wọn kò rí inú fóònù dáadáa. Ẹ gbé e lọ sí ọjà, ẹ fi han àwọn tó ń ta èlùbọ́. Ẹ sọ orúkọ wọn àti pé Honda ni wọ́n ń gùn. Nígbà yẹn, tíṣà tó ní máṣíìnì kò pọ̀.

ỌmọTíṣà

Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan á wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ẹ̀wù mi. Ọ̀kan máa kù nílé lọ́dọ̀ màmá mi. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n pé mò ń mú un lọ, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní igi ìdí máṣíìnì yẹn, igi máńgòrò ni, àti pé ẹ̀ka tó wà lókè orí bàbá mi ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ so agogo kọ́. Ará Ìgbòho, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ kan kọjá tí irú igi bẹ́ẹ̀ ṣì dúró níbẹ̀, ẹ sọ fún mi kí n tó gbéra.

Ará Ìgbòho

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló wà lọ́kàn mi. Lọ́la lẹ́yìn ìrun àárọ̀, màá rìn lọ wò wọ́n.